Lẹ́tà Ṣíṣí: Ẹ Ka Àwọn Àgbà Igi Ìṣẹ̀rí-Olófin Kí Ayùn Tó Kà Wọ́n

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́;
Sí Alága Ìjọba Ìdàgbàsókè Ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù;
Sí Olùdarí Àgbà LASPARK, àjọ tó ń rí sí ọgbà àti igi ní Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ẹ̀dà: Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè Ìṣẹ̀rí-Olófin, àwọn alága ẹgbẹ́ onílé, àti gbogbo ẹ̀yin tó ń ta igi àti òdòdó lẹ́bàá títì.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Ọ̀rọ̀ igi ni mo bá wá. Mo mọ̀ pé ẹni tí àgbàrá wọ ilé rẹ̀ lánàá, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì dá dúró ní ráńdàbáọ̀tù Ìṣẹ̀rí láàárọ̀ yìí, lè ní igi kọ́ ló kàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kò ná ni lówó púpọ̀, bí a bá sì fi falẹ̀, kò sí owó tó lè rà á padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àwọn àgbà igi tó ṣẹ́kù ní wọ́ọ̀dù Ìdímù àti Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ẹ kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ibi tó dúró sí sílẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé kò sẹ́ni tó lè gé e láì jẹ́ pé ìlú gbọ́.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé a kì í gbin igi ni? Ẹ ń gbìn ín. Láti ọdún 2008, nígbà ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ni ọjọ́ 14 oṣù Keje ti di ọjọ́ igi gbígbìn ní Èkó. A dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí á gbin igi, ọ̀tọ̀ ni kí á mọ èyí tí a ní. Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ojú rẹ̀ ti rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí igi bá lókìkí, tí kò sì lólùṣọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi í ṣe àpẹẹrẹ.

Ní gúúsù Malawi, òkè ńlá kan wà tó ń jẹ́ Mulanje. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbin tíì sí ló yí i ká. Ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù, Sapitwa, ga tó mítà 3,002. Lórí òkè yìí nìkan ni igi kan ti ń hù fúnra rẹ̀ ní gbogbo ayé: kédárì Mulanje, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Widdringtonia whytei. Ìdílé páìnì àti sípírẹ́sì ló ti wá, àwọn igi tí kì í tanná, tí irúgbìn ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sá pamọ́ sínú èso gbígbẹ líle títí yóò fi gbó tí yóò sì là. Onímọ̀ ewéko kan, Alexander Whyte, ló kó ẹ̀ka rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà ní ọdún 1891. Onímọ̀ ewéko mìíràn, Alfred Barton Rendle, sì fún un lórúkọ ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1894.

Kì í ṣe gbogbo orí òkè náà ni kédárì yìí ń gbé. Bí ó bá kéré sí mítà 1,500, ooru ti pọ̀ jù fún un. Bí ó bá kọjá mítà 2,200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, òkúta àti atẹ́gùn ló kù. Àárín méjèèjì ló ń gbé, nínú kòtò àti àfonífojì tí omi ti ń ṣàn, níbi tí ìkùukùu àti òjò wẹliwẹli tí wọ́n ń pè ní Chiperoni ti máa ń bò ó mọ́lẹ̀ nígbà òtútù. Iná ọdún ló sì yan ibẹ̀ fún un. Koríko orí òkè máa ń jó lọ́dọọdún, kédárì yìí kì í sì í rú bí iná bá ti pa á. Ìbátan rẹ̀ kan wà lórí òkè kan náà, Widdringtonia nodiflora, tó jẹ́ pé bí iná bá jó o, yóò tún yọ ọ̀mùnú láti ìdí. Kédárì tiwa yìí kò ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ibi tí iná kì í sábàá dé ló ṣẹ́kù sí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ya àwòrán ibùgbé rẹ̀ sórí ìwé, ibi tí iná fò dá ni yóò máa tọ̀.

Igi náà dára ju ohun tó yẹ kó dára lọ, ìyẹn ló sì kó bá a. Ó lè ga kọjá mítà 40. Pákó rẹ̀ ń ta sánsán, ikán kì í fẹ́ jẹ ẹ́, òjò kì í tètè mú un jẹrà. Àwọn apẹja adágún Malawi fi ń kan ọkọ̀ ojú omi, àwọn agbẹ́gilére fi ń gbẹ́ àpótí ọ̀ṣọ́, àwọn òyìnbó fi kọ́ ilé. Ní 1927 ni wọ́n sọ òkè náà di igbó ọba. Ní 1984 wọ́n fi kédárì yìí jẹ oyè igi orílẹ̀-èdè Malawi. Ọdún méjì lẹ́yìn oyè, ní 1986, kòkòrò kékeré kan tó ń fa omi ara igi mu wọ orílẹ̀-èdè náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Iná tí àwọn ọdẹ àti àwọn elédùú ń dá kò dáwọ́ dúró. Àwọn agégi ń gòkè pẹ̀lú ayùn, wọ́n ń la pákó níbẹ̀, wọ́n sì ń ru ú lórí sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀nà tí ẹsẹ̀ lásán gan-an ń yọ̀. Nígbà tó fi máa di bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àwọn àgbà igi tó ń so fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Lónìí, àkọsílẹ̀ àgbáyé nípa ẹ̀dá tó wà nínú ewu fi í sí ipò ewu tó le jù lọ, ohun tó kàn lẹ́yìn rẹ̀ ni kó run nínú igbó.

Ẹ̀yin aláṣẹ wa, ẹ wò ó dáadáa. Igi yìí ní òfin. Ó ní oyè. Ní ọdún 2025, UNESCO fi òkè Mulanje sínú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé. Ohun tí kò ní ni ẹni tó mọ igi kìíní, igi kejì, igi kẹta, tó lè sọ láàárọ̀ pé, èyí tó wà ní etí odò yẹn, wọ́n ti gé e lóru àná. Oyè kò lè dá ayùn dúró bí kò bá sí ẹni tó ń ka igi.

Láti ọdún 2016 ni àjọ àwọn ọgbà igi àgbáyé, BGCI, ti dara pọ̀ mọ́ àwọn onímọ̀ igbó ilẹ̀ Malawi àti ilé iṣẹ́ tó ń dáàbò bo òkè náà. Wọ́n dá nọ́sìrì sílẹ̀ ní àwọn abúlé ẹsẹ̀ òkè, wọ́n ń sanwó fún àwọn ará abúlé láti tọ́jú ọ̀dọ́ igi, wọ́n sì gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún padà sókè. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, gbogbo ọ̀dọ́ igi wọ̀nyẹn, inú irúgbìn ni wọ́n ti wá, irúgbìn sì gbọ́dọ̀ jáde lára ìyá. Bí ìyá igi bá tán kí á tó rántí nọ́sìrì, owó ló máa kù lọ́wọ́ wa, a ò ní rí ohun tí a ó gbìn.

Àwọn mìíràn ní ayé tètè gbọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994, David Noble, òṣìṣẹ́ ọgbà ìjọba ní Australia, sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì kan tí kò jìnnà sí Sydney, ó sì rí igi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Wollemi ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà inú rẹ̀ kò pé 100. Ìjọba kò jẹ́ kí aráàlú mọ ojú ibẹ̀ di òní, kí ẹsẹ̀ àlejò má baà kó àrùn wọ̀ ọ́. Nígbà tí iná ńlá jó igbó Australia ní ìparí 2019 sí 2020, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú da ohun apaná yí i ká, wọ́n sì sọ àwọn panápaná kalẹ̀ láti bu omi sí ìdí rẹ̀. Ní erékùṣù Sicily ní Ítálì, igi Abies nebrodensis tó kù nínú igbó kò ju nǹkan bí 30 lọ. Wọ́n mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọgbà yí wọn ká. Nínú gbogbo ìdílé àwọn igi tó ń so èso gbígbẹ líle yìí, ìṣirò ọdún 2013 fi hàn pé 34 nínú 100 ló wà nínú ewu. Àwọn tó ṣì ń bẹ láàyè nínú wọn, àwọn tí a mọ ojú ibi tí wọ́n wà ni ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ ń tètè bá.

Kí ló wá kan Ìṣẹ̀rí? Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ pé, ṣebí páìnì kún ẹnu géètì wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Èyí tí a ń pè ní wísílì páìnì, tí atẹ́gùn ń fi súfèé, kì í ṣe páìnì rárá. Casuarina ni, igi tó ń tanná, láti etí òkun Éṣíà àti Australia ló ti wá. Másíkúrèdì tó rí ṣóńṣó, tí gbogbo onílé ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ìbátan ṣáwásọ́ọ̀pù ni, Íńdíà àti Sri Lanka ni ilé rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti ìdílé páìnì àti sípírẹ́sì lóòótọ́ nínú wọn ni igi Kérésìmesì onípele-pele, Araucaria heterophylla. Erékùṣù Norfolk ló ti wá, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 35 níbùú-lóòró lórí òkun láàárín Australia àti New Zealand. Ó wà nínú ìkòkò òdòdó káàkiri ayé, síbẹ̀ ní ilé tirẹ̀, wọ́n kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Pípọ̀ tó pọ̀ sí ẹnu géètì àlejò kò tún ilé rẹ̀ ṣe.

Nàìjíríà náà ní ọ̀kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú ìdílé yìí. Podocarpus ni. Òun náà kò fẹ́ ooru. Orí àwọn òkè gíga Taraba ló ń gbé, ní ìhà Mambilla àti Gashaka, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù, níbi tí Gangirwal, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, ti ga tó mítà 2,419. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Podocarpus milanjianus, nítorí pé lórí òkè Mulanje kan náà ni Whyte ti kó èyí tí Rendle fi júwe rẹ̀ ní 1894. Ó fọ́n ká ju kédárì lọ, ó wà lórí òkè púpọ̀ ní Áfíríkà, nítorí náà kò tíì wọ ewu bíi tirẹ̀. Àmọ́ ní Nàìjíríà, iná darandaran àti oko ń jẹ igbó orí òkè tó ń gbé mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbin kédárì Mulanje tàbí Podocarpus sí Ìṣẹ̀rí. Ilẹ̀ wa kò ga tó mítà 100 sí òkun, òru wa gan-an ń mú ni làágùn. Ẹni tó bá gbin igi orí òkè síbí, ó fìyà jẹ igi, ó fowó ṣòfò. Ilẹ̀ tiwa ní àwọn tó ni ín: ìrókò, ọ̀gánwó, arère, afárá, ìdígbó, òpèpè, ọmọ, apá, osùn, àràbà. Igbó òjò ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n mọ̀, àti ilẹ̀ àbàtà etí odò. Ọ̀gánwó ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn igi tó wà nínú ewu láti 1998. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ní ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Panama, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé a kò gbọdọ̀ kó gẹdú ọ̀gánwó, apá àti ìdílé osùn ti ilẹ̀ Áfíríkà kọjá ààlà mọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Igi tí gbogbo ayé ti ń fòfin dì mú, àwa tí a bá a nílé kò mọ mélòó ló kù lẹ́yìnkùlé wa.

Ọdẹ ló tẹ Ìṣẹ̀rí dó, gẹ́gẹ́ bí ìtàn Àwórì ti wí. Olófin Ògúnfúnminíre kò bá títì níbí, igbó ló bá. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí wọ́n ka èrò tó tó bẹ́ẹ̀ sí nínú ìkànìyàn náà. Ibi tí igbó wà ti di ilé, kò sì sẹ́ni tó lè bá ẹni tó ń wá ilé gbé jà. Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ ibi tí àgbà igi ṣẹ́kù sí, ẹ má wá a lójú títì. Ẹ lọ sí ojúbọ. Ẹ lọ sí ibojì àwọn baba ńlá. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwé ìjọba, sí agbègbè ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àtijọ́, sí etí àbàtà tí omi kò jẹ́ kí wọ́n kọ́lé sí, sí ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n ṣì ń jà lé lórí ní kóòtù. Kédárì Mulanje sá sí ibi tí iná kì í dé. Àgbà igi Ìṣẹ̀rí sá sí ibi tí ayùn kò tíì rí àyè wọ̀. Ìjà ilẹ̀ ń parí lọ́jọ́ kan. Ilé ìwé ń fẹ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Àwọn ọmọ inú ẹbí ń wò ó pé ojúbọ náà ti gba àyè jù. Lọ́jọ́ tí àwọn ibi àsálà wọ̀nyí bá ṣí, igi kò ní ibòmíràn tó lè sá lọ.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí.

Èkíní, ìwé àkọsílẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ àti LASPARK yan èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n fi oṣù mẹ́fà yí wọ́ọ̀dù ká. Kí wọ́n mú àwọn ọdẹ, àwọn ẹlẹ́wé ọmọ, àwọn onísègùn àti àwọn àgbàlagbà dání, nítorí àwọn ló mọ orúkọ igi ní èdè wa. Kí wọ́n mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ilé ìwé gíríámà dání pẹ̀lú, nítorí fóònù ọwọ́ wọn lè fi ojú ibi tí igi wà hàn láìnáwó. Orúkọ igi, ojú ibi tó wà, bí ìdí rẹ̀ ti tóbi tó, ẹni tó ni ilẹ̀, bóyá ó ń so: àwọn nǹkan márùn-ún yìí tó.

Èkejì, ìfilọ̀. LASPARK ti ní kí ẹnikẹ́ni má gé igi láìgbàṣẹ. Ó dára. Àmọ́ ẹni tó ń fúnni láṣẹ kò lè mọ ohun tó ń yọ̀ǹda bí kò bá sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gé èyíkéyìí nínú àwọn igi tó wà nínú ìwé, kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara rẹ̀ fún ọjọ́ 14, kí aráàlú lè rí sí i. Igi tó fẹ́ wó pa èèyàn, ẹ gé e. A kò ní bá yín jà. Èyí tí gígé ẹ̀ka lè tó fún, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kó di ẹrù fún onílẹ̀. Ẹbí tó fi igi sílẹ̀ fún gbogbo wa, ẹ bá a dín owó ilẹ̀ àti ilé tó ń san kù. Bí igi bá ń pa onílẹ̀ lówó, òru ni yóò gé e. Àwọn agégi Mulanje kì í ṣe òǹrorò. Ebi ló lé ọ̀pọ̀ wọn gòkè.

Ẹ̀kẹrin, nọ́sìrì. Kí a máa ṣa irúgbìn lábẹ́ àwọn ìyá igi wọ̀nyí. Ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, wà ní Ìbàdàn, wọ́n mọ bí a ti ń mú ọ̀gánwó àti ìrókò hù. Ẹ̀yin òǹtajà òdòdó ẹ̀bá títì sì mọ bí a ti ń tọ́ igi nínú ọ̀rá ju àwa tó ń kọ lẹ́tà lọ. Ohun tí oníbàárà ń béèrè lẹ ń tà, a ò lè bá yín wí. Kí ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ oníbàárà yín àkọ́kọ́: kí ó ra arère, ọmọ àti òpèpè lọ́wọ́ yín fún ọgbà ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ìrókò kò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, a mọ̀. Ẹ wá ibi tó fẹ̀ fún un. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n ní ó ń gbé inú ìrókò, afárá wà, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ̀karùn-ún, ìṣirò ọjọ́ 14 oṣù Keje. Lọ́dọọdún, iye igi tí wọ́n gbìn la máa ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ iye tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta fún wa. Ẹ fi owó omi, owó àgò àti owó ẹni tó ń ro ìdí rẹ̀ sínú ètò ìṣúná. Ọ̀dọ́ igi tí ewúrẹ́ jẹ ní oṣù Kẹjọ kò yẹ kó wà nínú ìròyìn oṣù Kejìlá.

Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè, ọ̀dọ̀ yín ni mo fi ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn sí. Òfin ìjọba kò wọ ojúbọ, kò sì yẹ kó wọ̀ ọ́ láìkàn sí yín. Ẹ̀yin lẹ lè pàṣẹ pé igi tó wà níbẹ̀ kò ṣeé gé, kí ọmọ Ìṣẹ̀rí tó jẹ́ Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì gbọ́ àṣẹ náà bákan náà. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nígbó, kí á máa fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò.

Ẹ̀yin alága, ẹ yan ẹnìkan fún wa ní ọ́fíìsì yín, kí ẹ sì kéde orúkọ rẹ̀ kí ọjọ́ igi gbígbìn tó ń bọ̀ tó pé. Àwa ará àdúgbò máa mú igi mẹ́wàá àkọ́kọ́ tọ̀ ọ́ wá, pẹ̀lú orúkọ wọn ní Yorùbá àti ojú ibi tí wọ́n wà. Láti orí igi kọkànlá, ìjọba ló kù tó máa kà á.

Tiyín nítòótọ́,
Ará Ìṣẹ̀rí-Olófin kan